Ẹyin Tòlótòló Mẹ́rìnlá Nínú Àpótí Adìyẹ

Ọjọ́ Ajé, 3 Ẹrẹ́nà 2025

Kẹ̀kẹ́ pa tòlótòló Mààmi láàárọ̀ yìí, níwájú ilé wa gan-an ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Mo ń sá aṣọ Àánú sórí okùn nígbà tí mo gbọ́ “gbàà!” Mo rò pé ọmọ ẹnì kan ni. Mo ju aṣọ sílẹ̀, mo kọ́kọ́ fọwọ́ kan ẹ̀yìn ara mi bóyá Àánú ṣì wà níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀, ó ń sùn.

Oníkẹ̀kẹ́ ò dúró. Mààmi, ìyá ọkọ mi, jókòó sínú erùpẹ̀, wọ́n gbé ẹyẹ náà lé itan, wọn ò sunkún, wọ́n kàn ń to ìyẹ́ rẹ̀ padà sípò. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí jù.

Kì í ṣe ẹran ọ̀sìn lásán. Bàbá ọkọ mi ló ra ìyá ìyá rẹ̀ lọ́dún tí wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Bàbá ti lọ, àwọn tòlótòló yòókù ti lọ, òun nìkan ló ṣẹ́kù, àfi akọ aládùúgbò tó máa ń wá gùn ún. Ó ti yé ẹyin mẹ́rìnlá sábẹ́ àtẹ̀gùn, àárọ̀ òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó lé wọn. Omi ló dìde lọ mu.

Mi ò mọ ohun tó mú mi la ẹnu. Mo ní, “Mààmi, ẹ jẹ́ n kó ẹyin yẹn sínú àpótí ìsàba mi, ẹ̀rọ iná tó ń mú ẹyin gbóná.”

Wọ́n wò mí títí. Láti ìgbà tí mo ti wọlé yìí, kò sí ohun gidi tí wọ́n tíì fi sí mi lọ́wọ́, àfi Àánú, òun náà nítorí pé èmi ni mo bí i. Wọ́n ní, “Ìyàwó, ṣé àpótí yìí kì í ṣìṣe?”

Mo ní rárá. Ẹyin adìyẹ àádọ́ta ni mo kó sí i ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, òròmọdìẹ mọ́kànlélógójì ló jáde.

“Ó dáa. Mẹ́rìnlá ni o.”

Mo tò wọ́n, mo gbàdúrà, mo fi òróró kan àpótí níwájú, lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, mo pa ìdérí rẹ̀ dé. Ooru inú rẹ̀ wà ní 37.5. Ooru ìta fẹ́ẹ̀ẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́rú, 5 Ẹrẹ́nà

Ààwẹ̀ Lẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀ lónìí. Àwọn Mùsùlùmí ti wà nínú tiwọn láti Sátidé. Ebi ń pa gbogbo àdúgbò, kò sí ẹni tó ní sùúrù fún ẹnikẹ́ni. Obìnrin tó ń ta omi gbá ọmọ rẹ̀ létí nítorí pé ó rẹ́rìn-ín.

Mààmi wá wo àpótí lẹ́ẹ̀mẹta. Wọn kì í bá mi sọ nǹkan kan. Wọ́n á kàn bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ètè wọn á máa mì, wọ́n á tún lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Ẹrẹ́nà

Ọjọ́ kẹjọ. Mo fi aṣọ dí fèrèsé, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí ìdí ẹyin lọ́kọ̀ọ̀kan. Méjì ṣófo. Ẹ̀kẹta, ẹ̀jẹ̀ ti ta ká inú rẹ̀ bí ìtàkùn, ohun bíńtín kan sì ń fò láàárín, kì, kì, kì. Mo ti rí i lára ẹyin adìyẹ rí, síbẹ̀ mo pariwo. Mààmi sáré wọlé.

“Kí ló jó?”

Mo gbé ẹyin náà sójú wọn. Wọ́n sún mọ́ ọn. Wọ́n ní, “Àṣé báyìí ni Ọlọ́run ṣe ń rí wa.”

Méjìlá ló wà láàyè. Wọ́n kà wọ́n tẹ̀lé mi.

Ọjọ́rú, 12 Ẹrẹ́nà

Mo gbé o.

Mo fi fọ́tò àwọn ẹyin ránṣẹ́ sí Àtinúkẹ́ lórí Wọ́sáàpù láti fi yangàn. Òun ló kan àpótí náà fún mi, ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Orí bẹ́ǹṣì kan náà la jọ jókòó títí a fi ṣe ìdánwò àṣekágbá. Òun tẹ̀ síwájú lọ sí Poly, èmi dúró síbẹ̀. Ìṣẹ́jú kan ò pé tó fi pè mí.

“Fèyí, ẹyin kí nìyẹn? Ó tóbi.”

“Tòlótòló ni. Ti ìyá ọkọ mi.”

“Nínú àpótí mi?”

“Nínú àpótí mi,” mo ní, mo ń rẹ́rìn-ín.

Kò rẹ́rìn-ín. “Olúwafèyíkẹ́mi. Ọjọ́ mélòó ni tòlótòló fi ń sàba?”

Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni adìyẹ, ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n ni tòlótòló. Mo mọ̀ ọ́n! Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ohun tí mi ò rò ni pé àpótí náà ń ka ọjọ́. Bọ́ọ̀dù kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò gùn ju ìka mi lọ, òun ló ń pàṣẹ ooru, òun ló ń yí ẹyin. Àtinúkẹ́ ti kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé tó bá di ọjọ́ kejìdínlógún, kó ṣíwọ́ yíyí, kó dín ooru kù, torí pé òròmọdìẹ ti ń múra àtijáde nígbà yẹn. Ọmọ tòlótòló á ṣì ku ọjọ́ mẹ́wàá gbáko.

“Tí kò bá yí, á lẹ̀ mọ́ èèpo,” Àtinúkẹ́ ní. “Ibẹ̀ ló máa kú sí.”

“Jẹ́ n pa iná rẹ̀, kí n tún tàn án, kó bẹ̀rẹ̀ kíkà látorí oókan.”

“Kò lè gbà. Mo ṣe é kó máa rántí, torí NEPA. Àfi tó bá kà á dé mọ́kànlélógún.”

“Kò ní bọ́tìnnì?”

“Ta ló ní kí n má fi bọ́tìnnì sí i?”

Èmi ni. Mo ní kí Àánú má baà máa tẹ̀ ẹ́.

Ó ní kí n má fi ẹ̀rù pa ara mi. Ihò USB wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, kí ọkọ mi so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, òun á fi ètò tòlótòló ránṣẹ́, wọ́n á tú u sínú bọ́ọ̀dù. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ọjọ́ kejìdínlógún bọ́ sí Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, 21.

Mi ò sọ fún Mààmi. Ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ni mo fẹ́ wí?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Ẹrẹ́nà

Bàbá Àánú dé láti abúlé tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé. Kò tíì bọ́ bàtà tí mo ti gbé láptọ́ọ̀pù sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ki wáyà fóònù mi bọ àpótí, ó ki orí kejì bọ kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ò tilẹ̀ dún. Iná bọ́ọ̀dù ń tàn, torí pé bátìrì ló ń fún un níná, mo wá ń sọ pé, “Ó tàn, ó tàn,” ó ní, “Ó ti ń tàn kó tó di pé mo dé.”

Ó pe Àtinúkẹ́. Àtinúkẹ́ ní wáyà fóònù míì wà tí kò mọ̀ ju iná gbígbé lọ, ọ̀rọ̀ ò lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ó yà mí lẹ́nu! Láti ọdún méjì tí mo ti ní wáyà yẹn. Ọkọ mi gun ọ̀kadà lọ sọ́dọ̀ àwọn onífóònù ẹ̀bá Akẹ̀sán, ó ra èyí tó ń gbé ọ̀rọ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Mo sọ nǹkan nípa iye yẹn tí mi ò ní kọ síbí.

Èyí dún! Mo pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà kọ̀ǹpútà kọ ọ́ sójú pé òun kò dá ohun tí a ki bọ òun mọ̀. A yọ ọ́, a tún ki í. Kò dá a mọ̀. A pa kọ̀ǹpútà, a tún tàn án. Kò dá a mọ̀. Ó tó ìgbà ogún. Àánú gba wáyà, ó ń jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Ẹrẹ́nà

Mi ò gbọ́ ìwàásù kankan.

Lẹ́yìn ìsìn, Àtinúkẹ́ fi ètò kékeré kan ránṣẹ́, ó ní kọ̀ǹpútà míì kì í gbọ́ èdè irú bọ́ọ̀dù yìí àfi tí ètò náà bá wà nínú rẹ̀. A fi sí i. Dátà mi tán nídìí ẹ̀. Kò dá a mọ̀.

Mo gba fóònù lọ́wọ́ ọkọ mi.

“Àtinúkẹ́, bọ́ọ̀dù yìí ò dáa.”

“Ó dáa nígbà tó kúrò lọ́wọ́ mi. Ṣé omi ò wọ̀ ọ́?”

“Omi kankan ò kàn án.”

“Kò sí nǹkan tó dà sí i? Ronú dáadáa.”

“Mo ní kò sí! Èmi ni mò ń tọ́jú ẹ̀!” Ibẹ̀ ni mo ti yẹ kí n dákẹ́. Mi ò dákẹ́. Mo ní, “Sọ òótọ́. Ayédèrú lo fi sí tèmi, o mọ̀ pé mi ò kàwé tó ẹ, o ní mi ò ní mọ̀.”

Mo ń gbọ́ tí ẹnì kan ń ta súyà lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá ní, “Fèyí, ó dàárọ̀.” Aago mẹ́ta ọ̀sán ni.

Bàbá Àánú ní, “Kí lo ṣe yẹn?”

Ọjọ́ Ajé, 17 Ẹrẹ́nà

Ọkọ mi padà síbi iṣẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń ṣèdánwò. Ó fi láptọ́ọ̀pù sílẹ̀. Àtinúkẹ́ ò gbé ìpè mi. Lẹ́ẹ̀meje.

Mo lọ bẹ Bùrọ̀dá Israfil tó ń tún fóònù ṣe ní ojúlé kẹta sí wa. Ó gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ wá, ètè rẹ̀ funfun fún ààwẹ̀. Ó ki wáyà tirẹ̀ bọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà.

“Ìyá Àánú, kọ̀ǹpútà méjì, wáyà mẹ́ta. Wọn ò lè jọ gbìmọ̀ pọ̀. Bọ́ọ̀dù yìí ló lẹ́jọ́.”

“Ẹ lè bá mi tún un ṣe?”

“Ẹni tó bá kọ nǹkan sínú ẹ̀ ló mọ ohun tó kọ. Ẹ gbé e lọ bá a.”

Ọ̀dọ̀ ẹni tí mo pè ní onímàgòmágó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Ẹrẹ́nà

Òjò àkọ́kọ́. Ìjì ṣí páànù ilé ìdáná. Iná ti lọ láti àná. Mo ń wo bátìrì bí ẹni ń wo aláìsàn.

Mààmi ní, “Ìyàwó, kí lẹ ń fi wáyà gún àpótí yìí fún bí ẹni ń gún ọmọ lábẹ́rẹ́?” Mo ní à ń wò ó bóyá ara rẹ̀ le ni. Irọ́ ni mo pa fún ìyá tó ń gbààwẹ̀.

Ọjọ́rú, 19 Ẹrẹ́nà

Mo sọ fún wọn.

Kò sí ọ̀nà míì. Tí mo bá yọ bọ́ọ̀dù lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ooru á kú nínú àpótí. Tí mo bá gbé gbogbo àpótí sọ́kọ̀, ojú ọ̀nà yẹn á fọ ẹyin kí n tó dé ìlú. Àfi kí ẹnì kan bá mi gbé ẹyin mọ́ra láti àárọ̀ títí n ó fi dé.

Mo kúnlẹ̀. Mo sọ ti ọjọ́ mọ́kànlélógún, mo sọ ti méjìdínlọ́gbọ̀n, mo sọ ti bọ́tìnnì, mo sọ ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí Àtinúkẹ́. Mo ń retí kí wọ́n ṣépè. Wọ́n ní:

“Láti ọjọ́ wo lo ti mọ̀?”

“Ọ̀sẹ̀ kan, Mààmi.”

“Ọ̀sẹ̀ kan ni ìwọ nìkan fi gbé e? Pẹ̀lú ọmú tí ò ń fún ọmọ mu?” Wọ́n ṣe ṣìọ̀. “Ẹyẹ tó sàba pàápàá máa ń dìde. Á jẹun, á mumi, á padà. Lọ. Èmi á jókòó lé wọn.”

Mo rò pé àwàdà ni.

Ọjọ́bọ̀, 20 Ẹrẹ́nà

Ọjọ́ kẹtàdínlógún. N ó kọ gbogbo rẹ̀ kó má baà dà bí àlá lọ́la.

Bùrọ̀dá Israfil wá tú bọ́ọ̀dù kúrò ní aago méje. Mo fi aṣọ òtútù Àánú wé e. Mo fún Mààmi ní ìwọ̀n ooru, mo so òwú pupa mọ́ ibi tí 37.5 wà torí pé wọn kì í ríran ka nọ́ńbà. Wọ́n ní òwú ò kan àwọn, ìgúnpá tí àwọn fi mọ omi ìwẹ̀ Àánú làwọn á fi mọ̀ ọ́n. Wọ́n gba òwú náà ṣá.

Mo pọn ọmọ, mo wọkọ̀. Ọkọ̀ kún fún ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àwọn ọmọ yunifásítì. Ní gbogbo ọ̀nà ni mo ń to ọ̀rọ̀ tí n ó sọ. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ ní Tákìé ní Ògbómọ̀ṣọ́, gbogbo rẹ̀ ti fò lọ.

Àtinúkẹ́ wà nídìí tábìlì, irin ìjórin lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí mi. Ó wo Àánú.

“Ọmọ mi, káàbọ̀. Ta ló gbé ẹ wá?”

“Ẹni tí kò kàwé ni,” mo ní.

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó mú un mọ́ra. Ó na ọwọ́. Mo tú bọ́ọ̀dù kúrò nínú aṣọ. Ó ki í bọ kọ̀ǹpútà tirẹ̀: kò dá a mọ̀. Inú mi dùn, kí Ọlọ́run dárí jì mí, inú mi dùn díẹ̀, mo ní ẹ̀bi ò sí lọ́dọ̀ mi. Ó wá gbé gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá, ó wo inú ihò náà. Ó pẹ́. Ó gbé e sún mọ́ imú. Ó tún gbóòórùn rẹ̀.

“Fèyí. Kí lo ṣe sí bọ́ọ̀dù mi?”

“Mo ní omi ò kàn án.”

“Mi ò sọ pé omi ni. Òróró ólífì ló ń rùn.”

Mo rí ọwọ́ ara mi. Mo rí ìgò kékeré tí mo gbà níbi ìpàdé àdúrà àwọn ìyá. Níwájú, lẹ́yìn, àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì.

“Òróró àdúrà ni.” Ohùn mi ò ju ti ẹ̀fọn lọ.

Àtinúkẹ́ gbé gíláàsì sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ jẹ́ díákónì ní ìjọ Onítẹ̀bọmi, kò sí ohun tí kò rí rí nínú ọ̀rọ̀ àdúrà, àmọ́ ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

“O da òróró sínú ihò USB?”

“Ẹ̀gbẹ́ àpótí ni mo fi kàn!”

“Ibo wá ni ihò náà wà?”

Ó fi abẹ́rẹ́ fa nǹkan jáde níbẹ̀, ó gbé e sórí bébà. Ìdọ̀tí dúdú, ìhùùhù òròmọdìẹ oṣù Ṣẹ́rẹ́, eruku ọyẹ́, gbogbo rẹ̀ pò bí ẹ̀kọ tó ti dì. Ó ní ojú irin mẹ́rin ló wà nínú ihò náà. Méjì ń gbé iná, àwọn yẹn ṣì ń kàn. Méjì àárín ló ń gbé ọ̀rọ̀, ìdọ̀tí ti bò wọ́n. Kọ̀ǹpútà mọ̀ pé ẹnì kan wà lẹ́nu ọ̀nà, kò gbọ́ ohun tó ń wí. Bí ẹni fi òwú sẹ́nu tó ń sọ orúkọ rẹ̀.

“Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan kọ́ lo kán an, Fèyí. Òróró yìí wà ní ìpele lórí ìpele.”

“Ẹ̀ẹ̀kan ni! Mo búra!”

“Irọ́.”

Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ jà á. Ta ló máa gbà mí gbọ́ lónìí?

Ó da spírítì sínú ìdérí ìgò, ó ní ṣé mo ní búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀. Tuntun Àánú wà nínú báàgì mi, ti eyín rẹ̀ méjì. Ó fi fọ̀ ọ́, ó fẹ́ ẹ, ó tún fọ̀ ọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ki wáyà bọ̀ ọ́. Kọ̀ǹpútà dún, ó sì kọ orúkọ bọ́ọ̀dù náà sójú, gbangba, bí ìgbà tí tíṣà ń pe orúkọ ní kíláàsì tí ẹni náà sì dáhùn.

Mo bú sẹ́kún. Àánú náà bú sẹ́kún. Mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́yìn.

“Dìde jàre, oníbàárà mi ń bọ̀,” Àtinúkẹ́ ní. Ó ń tú ètò tòlótòló sínú rẹ̀, kò wò mí. “Mi ò bínú sí àdúrà o. Èmi náà máa ń gbàdúrà sí gbogbo ohun tó bá ń kúrò níbí. Ọwọ́ ni mo máa ń gbé lé e. Ọwọ́ gbígbẹ.” Ó tẹ nǹkan méjì. “Èyí tó dùn mí ni pé o ní torí pé mo kàwé. Ta ló sọ fún ẹ pé mo parí?”

“O lọ sí Poly.”

“Ọdún kan. Bàbá mi ṣàìsàn, mo padà sílé. Nídìí rédíò àwọn èèyàn ni mo ti kọ́ eléyìí, àti lórí fóònù.”

Ọdún mẹ́jọ! Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ń rẹ ara mi sílẹ̀ níwájú rẹ̀, tí mo ń ka gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ti ẹni tó ga jù mí. “O ò sọ fún mi rí.”

“O ò bi mí rí.”

Ó lẹ plásítà mọ́ ẹnu ihò náà. Kò gba kọ́bọ̀. Ó ra bisikíìtì fún Àánú.

Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀ nígbà tí mo wọlé. Pálọ̀ ṣófo. Mo pe Mààmi, wọn ò dáhùn. Mo ṣí yàrá wọn. Wọ́n nà gbọọrọ lórí bẹ́ẹ̀dì, aṣọ méjì lára, kóòtù ọyẹ́ Bàbá lórí rẹ̀, nínú ooru yìí! Òógùn ń ṣàn lójú wọn bí omi. Ojú wọn là sílẹ̀, wọ́n ń wo àjà.

“Mààmi! Ẹyin dà?”

“Ó wà níkùn mi. Má fọwọ́ kàn mí. Mi ò tíì tọ̀ láti àárọ̀.”

Méjìlá, yíká ikùn tó bí ọkọ mi. Wọn ò jẹ, wọn ò mu, wọn ò yí ìhà. Òwú pupa wà lẹ́nu wọn, wọ́n ti ń jẹ ẹ́ lórí.

Bùrọ̀dá Israfil de bọ́ọ̀dù padà kó tó ṣínu.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Ẹrẹ́nà

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Mo jókòó tì í. Ó yí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Ẹrẹ́nà

Mo jẹ́wọ́ ti òróró fún Mààmi lónìí, torí mi ò lè máa gbé e kiri. Mo ní èmi ni mo ba bọ́ọ̀dù jẹ́. Mo ní Àtinúkẹ́ ò gbà pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni.

Mààmi ń ṣa ẹ̀wà. Ọwọ́ wọn dúró.

“Ihò wo?”

“Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, Mààmi. Kékeré yẹn.”

Ẹ̀wà bọ́ lọ́wọ́ wọn. “Yéè. Mo rò pé etí rẹ̀ ni.”

“Ẹ ní kí ni?”

“Mo rò pé ibẹ̀ ló fi ń gbọ́. Ojoojúmọ́ ni mo ń kán òróró díẹ̀ sí i, tí mo ń bá a sọ̀rọ̀. Mo ń sọ fún un pé kó má pa ọmọ Bàbá.”

Mo wò wọ́n, wọ́n wò mí. Èmi ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù sì bà mí pé mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà Mààmi fi ọwọ́ bo ojú, èjìká wọn ń mì, mo rò pé ẹkún ni. Kì í ṣe ẹkún. A rẹ́rìn-ín títí Àánú fi da ẹ̀wà sílẹ̀.

Mo pe Àtinúkẹ́, mo sọ fún un. Ariwo rẹ̀ dé òpópó.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 Ẹrẹ́nà

Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n. Ó ṣíwọ́ yíyí fúnra rẹ̀, lásìkò tó yẹ. Mo tan tọ́ọ̀ṣì: inú ẹyin ṣú dẹ̀dẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ayé ló kún ibẹ̀ tàbí ikú. Wákàtí mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wà lórí ikùn Mààmi, ìyókù nínú ẹ̀rọ.

Ọjọ́ Àìkú, 30 Ẹrẹ́nà

Ìtùnú ààwẹ̀. Bùrọ̀dá Israfil gbé ìrẹsì àti ẹran wá, ó ní ti àwọn tó ń sàba ni.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ àpótí láti wo omi, mo gbọ́ ohùn. Láti inú èèpo! Fín-ín, fín-ín. Mo kígbe pe Mààmi. Mo fi ọwọ́ gbá ògiri.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 Igbe

Mẹ́jọ ti jáde. Wọ́n burẹ́wà, ọrùn wọn gùn bí okùn bàtà. Mẹ́rin dákẹ́ láti àná. Mo kó wọn sínú àwo láti lọ sin wọ́n, mo ń bi ara mi bóyá wákàtí mẹ́sàn-án yẹn ló pa wọ́n, tàbí ọ̀sẹ̀ tí mo fi dákẹ́. Ọ̀kan yí lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ẹ̀ẹ́ jù ú nù! Mo dá a padà, ó jáde ní ìrọ̀lẹ́. Dúdú ni, gbogbo ìyókù pupa rúsúrúsú.

Mẹ́sàn-án. Mẹ́ta ò jáde. Mo sin wọ́n sábẹ́ àtẹ̀gùn.

Ọjọ́bọ̀, 3 Igbe

Àwọn ìyá ìjọ wá kí wa. Ọ̀kan bi Mààmi pé ta ló sàba àwọn ọmọ tòlótòló wọ̀nyí. Mo ti ṣetán láti gbọ́ “ẹ̀rọ ni.” Mààmi ní, “Ìyàwó mi àti èmi.” Wọ́n tún ní, “Dúdú yẹn, tirẹ̀ ni. Òun ló gbà á lọ́wọ́ ikú.” Mi ò mọ ibi tí n ó gbé ojú sí.

Nígbà tí wọ́n lọ, mo fọ àpótí, torí Mààmi ti bá ìyá kan sọ̀rọ̀ nípa ẹyin awó. Mo nù ún níwájú, mo nù ún lẹ́yìn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, lórí plásítà tí Àtinúkẹ́ fi dí ihò náà, ìtẹ̀ka kan wà níbẹ̀, ó ń dán. Mo gbóòórùn rẹ̀. Ólífì ni, ti àárọ̀ yìí.

Mo gbé àkísà kọjá. Mi ò nù ún.